Eré Alága: Bí A Ṣe Lè Fi Ọmọ Ayò Kọ́ Bí A Ti Ń Darí Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-èdè

  

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí eré. Ẹ má wí pé àgbàlagbà kì í ṣeré. Ayò kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹni tó mọ ayò ta, ó mọ ìṣirò, ó ní sùúrù, ó sì ń ro ohun tí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ń rò. Ọmọ ayò náà la ó fi ṣe eré tòní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn méjì ni yóò ta á. Gbogbo kíláàsì ni. A pè é ní Eré Alága. Ó ń kọ́ni bí a ti ń darí ẹgbẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ dá sílẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé, kí ló kàn wá nínú ìyẹn? Ẹ wo ọ̀nà ọ̀dà tó gba ìlú wa kọjá. Ó ti Kútọnu wá. Nígbà tó dé Dassa, ó pín sí méjì. Ọ̀kan gba Savalou lọ sí Djougou. Èkejì gba Glazoué àti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Pàrákú, títí dé Malanville ní etí odò Ọya. Òdìkejì odò náà ni ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Àgbàdo àti gàrí ń gba ọ̀nà yìí lọ. Àlùbọ́sà àti màlúù ń gbà á bọ̀. Bí àwọn olórí orílẹ̀-èdè bá pàdé ní Abuja, tí wọ́n ní kí a ti ibodè, ta ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára? Obìnrin tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Glazoué ni. Àlùbọ́sà kì í dúró de ìpàdé.

Ẹgbẹ́ wo ni à ń sọ?

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní ìlú Èkó. Bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwa tí ìjọba wa ń sọ Faransé ń pè é ní CEDEAO. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní ECOWAS. Ọ̀gágun Gowon ti Nàìjíríà àti Ọ̀gágun Eyadéma ti Tógò ni wọ́n sáré jù kí ẹgbẹ́ náà tó dúró.

Ní ọdún 1979, ní Dakar, wọ́n ṣe àdéhùn pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀, láìgba físà. Ní ọdún 1993, wọ́n tún ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ kọ. Kútọnu tiwa níbí ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ìwé náà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ jáde yóò kọ́kọ́ sọ ọ́, yóò sì dúró fún ọdún kan gbáko.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2024, orílẹ̀-èdè mẹ́ta sọ pé àwọn ń jáde: Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r. Ọdún kan pé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, CEDEAO kéde pé wọ́n ti jáde. Ó ku 12.

Ẹ fi ìka yín kà á. Bẹ̀nẹ̀ ní aládùúgbò mẹ́rin: Tógò, Nàìjíríà, Nìjẹ̀r àti Bùrkínà Fasò. Méjì wà nínú ẹgbẹ́. Méjì ti jáde. Àwa la wà láàárín wọn. Àwọn mẹ́rin yìí àti àwa fúnra wa, márùn-ún, ni ilé tí a ó fi ṣe eré.

Ohun tí ẹ óò wá

Ẹ wá igbá kékeré márùn-ún, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá igbá ńlá kan. Igbá àjọ nìyẹn. Ẹ wá ọmọ ayò 250. Bí kò bá tó, ẹ fi hóró àgbàdo kún un. Ẹ gé páálí mẹ́fà, kí ẹ lè kọ ìròyìn sí i pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà.

Ẹ fi eérú ya ilẹ̀. Ẹ ya Bẹ̀nẹ̀ sí àárín. Ẹ ya Tógò sí ibi tí oòrùn ń wọ̀. Ẹ ya Nàìjíríà sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ẹ ya Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r sí ìhà òkè, kí Nìjẹ̀r wà ní apá Nàìjíríà. Ìhà ìsàlẹ̀ ni òkun.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ọ̀nà láàárín àwọn ilé tó pààlà. Ọ̀nà méje ni yóò jẹ́. Mẹ́rin ti ilé Bẹ̀nẹ̀ jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹ́rin yòókù. Ìkarùn-ún wà láàárín Tógò àti Bùrkínà Fasò. Ìkẹfà wà láàárín Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r. Ìkeje wà láàárín Nìjẹ̀r àti Nàìjíríà. Ẹ rí i pé ilé tiwa ni ọ̀nà pọ̀ sí jù. Ilé tí ọ̀nà pọ̀ sí ni ọ̀nà títì ń dùn jù.

Àwọn tí yóò ṣeré

Ilé kọ̀ọ̀kan ní ènìyàn mẹ́ta: olórí kan, àgbẹ̀ kan, oníṣòwò kan. Gbogbo wọn jẹ́ 15. Ẹ yan òǹkàwé kan sí i, tí yóò máa ka páálí sókè.

Ẹ fún olórí Nàìjíríà ní ọmọ ayò 20. Ẹ fún olórí yòókù ní 10, 10. Kí ló dé tí ti Nàìjíríà fi pọ̀? Nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ju ti ilé mẹ́rin yòókù lápapọ̀ lọ. Wọ́n ju 200,000,000 lọ. Nígbà tí wọ́n ka àwa ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2013, a jẹ́ 10,008,749. Eré tó bá fún gbogbo ilé ní iye kan náà kò sọ òtítọ́. Ẹ fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ní márùn-ún, márùn-ún.

Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn kan. Ẹ má fi ọkùnrin nìkan ṣe olórí. Kí ìyá tó ń ta ẹ̀pà jẹ olórí. Kí ẹni tó jẹ́ olóyè ní abúlé jẹ àgbẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ràn pàṣẹ wọ ilé Nìjẹ̀r, tí kò ní etí òkun. Nígbà tí ènìyàn bá jókòó sí ipò ẹlòmíràn ni ó ń mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Kí ni alága ní lọ́wọ́?

Láàárín àwọn olórí márùn-ún, ẹ yan ọ̀kan ṣe alága. Ní ìpele tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn yóò gbà á. Ní CEDEAO náà, ọ̀kan nínú àwọn olórí orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń yàn ní alága, fún ọdún kan.

Kókó eré yìí wà níbí. Kí ni ẹ óò fún alága? Ẹ óò fẹ́ fún un ní ọmọ ayò púpọ̀, tàbí ní agbára láti pàṣẹ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Alága ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè kì í ṣe ọba wọn. Ẹ rántí pé ní ọdún 2012, Thomas Boni Yayi, tó jẹ́ ààrẹ wa nígbà náà, ni alága Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, àwọn ológun gba ìjọba ní Málì. Alága kò lè dìde kí ó pàṣẹ fún ọmọ ogun orílẹ̀-èdè míràn. Àfi kí ó pe ìpàdé, kí ó sọ̀rọ̀, kí ó bẹ̀bẹ̀, kí ó sì máa wá ẹni tí yóò gbà.

Nítorí náà, nínú eré wa, nǹkan mẹ́ta péré ni alága lè ṣe. Ó lè pe ìpàdé. Ó lè pe olórí kan sí kọ̀rọ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó sì lè dá àbá lórí ohun tí a ó fi igbá àjọ ṣe. Kò lè mú ọmọ ayò ẹnikẹ́ni. Kò lè ti ọ̀nà ilé onílé, kò sì lè ṣí i. Ẹnu rẹ̀ ni ohun èlò rẹ̀.

Ìpele kọ̀ọ̀kan

Eré náà ní ìpele mẹ́fà. Nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin yìí.

Èkíní, ọjà. Lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó ṣí, kí oníṣòwò ilé méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n mú ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan nínú èyí tó kù nílẹ̀. Bí oníṣòwò bá ti gba méjì, kí ó fún àgbẹ̀ ilé rẹ̀ ní ọ̀kan, nítorí ẹrù àgbẹ̀ ló tà. Bí ọ̀nà bá tì, kò sí ọmọ ayò. Kí àgbẹ̀ tó wà ní ìhà méjèèjì sì dá ọ̀kan padà sílẹ̀, nítorí pé ẹrù ti bàjẹ́.

Èkejì, owó àjọ. Kí olórí kọ̀ọ̀kan fi ọmọ ayò kan sínú igbá àjọ. Kí Nàìjíríà fi méjì. Nínú CEDEAO gidi, orí ọjà tó ti òde ẹgbẹ́ wá ni wọ́n ti ń yọ owó yìí. Bí ọjà náà bá tó 1,000 fáráǹkì, wọ́n á yọ 5 fáráǹkì.

Ẹ̀kẹta, ìròyìn. Òǹkàwé yóò ka páálí kan.

Ẹ̀kẹrin, ìpàdé. Kí ẹnì kan ka oókan títí dé 200 jẹ́jẹ́. Kí ìpàdé parí nígbà tó bá kà á tán. Kí a tó mú nǹkan nínú igbá àjọ, olórí márààrún gbọ́dọ̀ gbà. Bí ẹyọ kan bá kọ̀, kò ṣeé ṣe.

Òfin kan ṣoṣo ló kù, òun ló sì wúwo jù. Olórí kan ṣoṣo lè ti ọ̀nà tó wá sí ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a óò bá ṣí i padà, olórí ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ lé e. Ọwọ́ kan lè ti ọ̀nà. Ọwọ́ méjì ló ń ṣí i.

Àwọn páálí ìròyìn

Àwa kò fẹ́ kí ẹ fi àròsọ ṣeré. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ni kí ẹ kọ sórí páálí.

Páálí kìíní. "Ọdún 1979. Wọ́n ṣe àdéhùn ní Dakar. Ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì fún 90 ọjọ́. Kí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan mú ọmọ ayò kan sí i."

Páálí kejì. "Oṣù kìíní ọdún 1983. Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde. Wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ. Ará Gánà ló pọ̀ jù. Wọ́n gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kọjá. Kí olórí Bẹ̀nẹ̀ fi ọmọ ayò mẹ́ta sílẹ̀ fún oúnjẹ wọn. Ǹjẹ́ igbá àjọ yóò ràn án lọ́wọ́?"

Páálí kẹta. "Ọdún 1984. Òjò kọ̀, kò rọ̀ dáadáa ní ìhà òkè. Kí àgbẹ̀ Nìjẹ̀r àti àgbẹ̀ Bùrkínà Fasò dá méjì méjì padà, àfi bí ẹgbẹ́ bá fún wọn."

Páálí kẹrin. "Oṣù kẹjọ ọdún 2019. Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí ìrẹsì fàyàwọ́ wọlé mọ́. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ẹ ti ọ̀nà náà nísinsìnyí. Báwo ni ẹ óò ṣe pàrọwà fún ilé tó tóbi jù?"

Páálí karùn-ún. "Ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023. Àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀r. Kí ni ẹ óò ṣe?"

Páálí kẹfà. "Iṣẹ́ ọ̀nà. Bí igbá àjọ bá ní 20, tí gbogbo yín sì gbà, ẹ fi ṣe ọ̀nà tuntun. Kí oníṣòwò àti àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú méjì."

Páálí kẹfà yìí náà ní ìtàn. Ọkọ̀ ojú irin tó gba Dassa kọjá dé Pàrákú ní ọdún 1936. Ní ọdún 1959, Dahomey, tó jẹ́ orúkọ wa nígbà náà, àti Nìjẹ̀r jọ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Orílẹ̀-èdè méjì ló ni ín. Ṣùgbọ́n irin náà kò kọjá Pàrákú. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ló máa ń gbé ẹrù lọ sí Nìjẹ̀r nígbà náà. Bí ẹ bá ti ná igbá àjọ tán lórí ìjà, ẹ̀yin náà kò ní kọjá Pàrákú.

Páálí tí yóò dá ìjà sílẹ̀

A mọ̀ pé páálí karùn-ún yóò mú ariwo wá. Kí ẹ jẹ́ kí ó wá. Àwọn kan yóò ní kí a ti ọ̀nà Nìjẹ̀r. Wọ́n ní ìdí. Àwọn ológun ti gba ìjọba ní Málì ní 2020 àti 2021, ní Gínì ní 2021, ní Bùrkínà Fasò lẹ́ẹ̀mejì ní 2022. Wọ́n yóò ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwọn kan yóò ní kí a má tì í. Wọ́n ní ìdí tiwọn náà. Ológun kọ́ ló ń gbin àlùbọ́sà. Bí a bá ti ọ̀nà, ológun yóò ṣì jẹun, àgbẹ̀ ni ebi yóò pa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2023, àwọn olórí CEDEAO pàdé ní Abuja. Wọ́n ní kí a ti ibodè, kí a sì dá owó Nìjẹ̀r dúró. Nàìjíríà gé iná mànàmáná tí ó ń tà fún Nìjẹ̀r. Bẹ̀nẹ̀ ti afárá Malanville. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Ọya. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2024, CEDEAO mú ìyà náà kúrò. Bẹ̀nẹ̀ ṣí ìhà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Nìjẹ̀r kò ṣí ìhà tirẹ̀. Ibi tí a ti rí òfin ọwọ́ kan àti ọwọ́ méjì nìyẹn.

Bí ilé kan bá fẹ́ jáde

Kí olórí ilé náà dìde, kí ó sọ ọ́ ketekete. Yóò ṣì san owó àjọ fún ìpele kan sí i. Ìpele yẹn ló dúró fún ọdún kan tó wà nínú ìwé àdéhùn. Ní àkókò yìí, alága lè bá a sọ̀rọ̀. Bí kò bá yí ọkàn padà, kò ní sanwó mọ́, kò sì ní gba ìrànlọ́wọ́ igbá àjọ mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má pa ilé rẹ̀ rẹ́ nílẹ̀. Ẹ má pa ọ̀nà rẹ̀ rẹ́. Orílẹ̀-èdè kò ní ẹsẹ̀, kò lè kó lọ. Nìjẹ̀r jáde nínú CEDEAO, odò Ọya ṣì wà níbi tó wà. Kódà owó kan náà ni àwa, Tógò, Bùrkínà Fasò, Málì àti Nìjẹ̀r jọ ń ná nígbà tí wọ́n jáde. Ẹni tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kò fi àdúgbò sílẹ̀.

Ta ló borí?

Nígbà tí ìpele mẹ́fà bá parí, ẹ má ka igbá olórí. Ẹ ka ọmọ ayò tó wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ márùn-ún àti àwọn oníṣòwò márùn-ún. Márùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá ní ju márùn-ún lọ, gbogbo yín ló borí. Bí ẹyọ kan bá dín, gbogbo yín kò borí. Kí ẹni tó dín náà sọ ìpele tí ó ti pàdánù. Kí àwọn olórí sì sọ ohun tí wọ́n ṣe ní ìpele yẹn, àti ìdí rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní, eré wo ni kò ní olúborí kan? A dá a lóhùn pé, bí a bá ní kí ilé tó ní jù ni kí ó borí, Nàìjíríà yóò ti borí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì ní kí alága borí, gbogbo olórí yóò máa jìjàdù àga. Ẹgbẹ́ kò sí fún ìyẹn. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n sá wá sórí òkè mọ́kànlélógójì yìí nígbà ogun Dànhọ̀mẹ̀, ibi tí wọ́n ti wá kò dọ́gba. Wọ́n kò béèrè ta ló tóbi jù. Wọ́n béèrè bóyá gbogbo ènìyàn ti gun òkè tán.

Ìbéèrè fún kíláàsì

1. Orílẹ̀-èdè mélòó ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èkó ní 1975? Mélòó ló kù nígbà tí mẹ́ta jáde ní 2025?
2. Nǹkan mẹ́ta wo ni alága lè ṣe? Ṣé ẹ rò pé ó tó?
3. Kí ló dé tí ọwọ́ kan fi lè ti ọ̀nà, ṣùgbọ́n tí ó gba ọwọ́ méjì láti ṣí i? Ẹ mú àpẹẹrẹ wá láti abúlé yín.
4. Ẹ kọ páálí keje fúnra yín. Kí ó jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹ kọ ọdún rẹ̀ sí i.

Bí ẹ bá ṣeré yìí, ẹ má dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan nínú rẹ̀. Ìjà tó bá bẹ́ sílẹ̀ nínú eré, kí ẹ fi í sílẹ̀ sínú eré. Kí ẹ kó ọmọ ayò yín jọ dáadáa, kí ó má sọnù.

Ó dìgbà kan ná o. Kí ọ̀nà máa ṣí fún wa.